Ẹ̀kọ́ Ọ̀gbìn Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́ Ọ̀lẹ

Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ẹ́ kọ́ ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀, ojú á ti òbí.

Ẹ wo Sokoura, àdúgbò kan ní Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́. Bouaké ní ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tirẹ̀ nígbà kan, Institut Agricole de Bouaké. Lọ́dún 1996, ìjọba pa á pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta mìíràn, wọ́n di INP-HB ní Yamoussoukro. Ilé ẹ̀kọ́ kó lọ, ikùn àwọn ará Sokoura kò bá a lọ.

Nílé pàápàá, Ìbàdàn ti ní ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ní Moor Plantation láti 1921. NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀, dé lọ́dún 1975. Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Bí a ṣe ń tọ́ tòmátì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kí a tó tú u lọ sóko. Bí a ṣe ń lẹ ẹ̀ka máńgòrò àtàtà mọ́ ìdí òmíràn, tí yóò fi so ní bí ọdún 3 sí 5. Èyí tí a gbin kóró rẹ̀ a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀ ń sanwó kí ọmọ lè di lọ́yà. Ẹ sanwó fún èyí náà. Lọ́yà pàápàá yóò jẹun.