Ìkéde Tí Kò Dé Etí Ará Ìlú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ ìtàn ti ń gbà lọ́wọ́ ara wọn láti ìran dé ìran, tí ẹnikẹ́ni kò sì dúró yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni pé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso ilẹ̀ Nàìjíríà, a máa kéde òfin rẹ̀ fún ará ìlú kí ó tó mú un lò, àti pé àwọn tí wàhálà bá, àìmọ̀kan wọn ni ó kó bá wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìdí tí ìlú kan fi dìde nítorí owó-orí, èsì tí ó ń bá pàdé ni pé àwọn ènìyàn náà kò lóye ohun tí ìjọba ti là yé wọn. Irọ́ ni. Kì í sì í ṣe irọ́ kékeré, nítorí àwọn òbí àgbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an ni ó ń pè ní òpè.

Kí a tó mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìkéde. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọba kì í kéde fún ògiri. Akéde ni yóò gbé agogo, tí yóò máa lọ láti ìta dé ìta, ní àṣálẹ́ nígbà tí àwọn ará oko ti wọlé, tàbí ní kùtùkùtù kí wọ́n tó jáde. Yóò lu agogo, yóò dárúkọ ẹni tí ó rán an, yóò sọ ohun tí a ní kí ó sọ, yóò sì tún un sọ. Ẹni tí kò gbọ́ dáadáa yóò bi aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò tọ baálé rẹ̀ lọ, baálé yóò tọ ìjòyè lọ, ìjòyè yóò sì gbé e dé ààfin. Bí ìkéde ti ń lọ ni ó ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Haúsá, mai shela ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Ìgbò, ohùn ogene ni ó ń pe ìlú jọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń fi èdè àjèjì bá ìlú sọ̀rọ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ó ń béèrè pé kí olùgbọ́ ti lọ sí ilé-ìwé kí ó tó lè gbọ́.

Ẹ wá wo èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ìkéde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sọ àsíá Ilé-iṣẹ́ Royal Niger kalẹ̀, wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè, wọ́n sì ka ìwé ìkéde kan níwájú àwọn ọmọ-ogun tí ó tò sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, láti ọjọ́ náà lọ ni gbogbo ilẹ̀ àríwá ti bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí Lugard sì di aláṣẹ rẹ̀. Ṣókótó kò sí níbẹ̀. Kánò kò sí níbẹ̀. Ìbọn ni ó wá ka ìkéde náà sí wọn létí ní ọdún 1903. Àní, orúkọ tí àwọn òfin tí Lugard ń ṣe ní àríwá láyé ìgbà náà ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ju Ìkéde lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń jáde, sínú ìwé tí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ń kà.

Ìwé náà ni Gàsẹ́ẹ̀tì. Àríwá ní tirẹ̀, gúúsù ní tirẹ̀, títí tí a fi so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní 1914. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ènìyàn ń sọ nínú ilé, bí kò ṣe ti agbẹjọ́rò, tí gbólóhùn kan lè gùn tó ojú ìwé kan kí ó tó ní ìparí. Àwọn Yorùbá ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìlù ògìdìgbó jó, a kì í tìtorí rẹ̀ mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ìlù Gàsẹ́ẹ̀tì yàtọ̀: ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n jó yóò san owó ìtanràn, ilé-ẹjọ́ yóò sì sọ fún un pé àìmọ òfin kì í ṣe àwáwí.

Àwọn tí ó rí èrè nínú ètò yìí kì í ṣe òyìnbó nìkan. Láàárín Ajẹ́lẹ̀ àti àgbẹ̀ ni ògbufọ̀ wà, àti akọ̀wé, àti akódà. Ohun tí Gàsẹ́ẹ̀tì sọ kò já mọ́ nǹkan fún ará oko. Ohun tí ògbufọ̀ ní ó sọ ni òfin. Bí ògbufọ̀ bá ní ṣílè méjì, ṣílè méjì ni. Ìkéde tí ojúlówó etí kò gbọ́ a máa di ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ó dá a gbọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ìjọba kò mọ̀ pé ìwé òun kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ ti Èkó ni yóò dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1920, Olóyè Àmọ̀dù Tìjání, ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí dání. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, Macaulay sọ̀rọ̀ nípa ipò tí Ẹlẹ́kọ wà lójú àwọn ènìyàn rẹ̀ àti bí ìjọba ti ń ṣe sí i, àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù sì gbé e jáde. Inú bí ìjọba Èkó. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ sọ fún gbogbo ayé pé òun kò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Èṣùgbàyí gbà láti fi ọwọ́ sí ìwé tí ó ya ara rẹ̀ nípa sí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé náà kò tó wọn. Wọ́n ní kí ó rán akéde rẹ̀, kí ó lu agogo yí ìgboro ká, kí ó sì kéde pé irọ́ ni Macaulay pa. Èṣùgbàyí kọ̀ jálẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ní àwọn kò mọ̀ ọ́n ní Ẹlẹ́kọ mọ́, wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró.

Ẹ̀rí wo ni ó tún kù? Ìjọba tí ó ní Gàsẹ́ẹ̀tì, tí ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ó sì ń sọ nínú ilé-ẹjọ́ pé ohun tí a bá ti tẹ̀ síbẹ̀, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ, ìjọba náà gan-an ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún agogo. Nígbà tí ó bá fẹ́ kí òfin mú ènìyàn, ìwé tó. Nígbà tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ ènìyàn létí ní tòótọ́, ó mọ̀ pé ìwé kò tó. Èṣùgbàyí náà mọ ìyàtọ̀ yìí, ìdí sì nìyẹn tí ó fi lè fún wọn ní ìwé kí ó sì fi agogo dù wọ́n. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣàjèjì: ní 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà, dá Olúwa láre lórí ilẹ̀, ní 1925 ìjọba lé Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́, ní 1931 Ìgbìmọ̀ Ọba kan náà pàṣẹ pé dandan ni kí ilé-ẹjọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òfin ti ìjọba lẹ́yìn nínú lílé tí ó lé e, ọdún náà ni ó padà sílé, ó sì wàjà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Èkó ní agbẹjọ́rò àti ìwé ìròyìn tirẹ̀. Àwọn ìlú tí kò ní wọn, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi san án. Ní ọdún 1926, àwọn aláṣẹ ń ka àwọn ọkùnrin ní apá ìlà-oòrùn. Nígbà tí ìlú béèrè, wọ́n ní kì í ṣe nítorí owó-orí. Ní 1928 owó-orí dé. Nítorí náà, nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 1929 tí ìránṣẹ́ Okugo, olóyè tí ìjọba fi jẹ ní Oloko, wọ agboolé Nwanyeruwa tí ó sì ní kí ó ka ènìyàn àti ẹran rẹ̀, obìnrin náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìjọba ní àwọn kò ní gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin. Ta ni yóò tún gbà wọ́n gbọ́? Àwọn obìnrin fi ọ̀gọ̀mọ̀ ọ̀pẹ ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, gbogbo ẹni tí ó rí i ni ó sì mọ ohun tí ó wí, àní gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba àrokò ti ń mọ̀ ọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ti dìde. Kò sí Gàsẹ́ẹ̀tì tí ó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí ó yẹ kí àwọn tí ń pe àwọn obìnrin wọ̀nyí ní òpè ti fi ọwọ́ bo ẹnu ni Opobo. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, wọ́n pàdé Ajẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kò ní kí ó búra. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò ní gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin, kí a fi ẹ̀rọ tẹ ìwé náà, kí a sì fún wọn ní ẹ̀dà rẹ̀ mú lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ìwé ni ìjọba fi ń mú ènìyàn, wọ́n sì fẹ́ ìwé tí àwọn náà lè fi mú ìjọba. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun ti yìnbọn. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ lé ní 30. Àwọn obìnrin tí ó kú nínú gbogbo rògbòdìyàn náà lé ní 50. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí wá jókòó, àwọn obìnrin jẹ́rìí lédè Ìgbò àti Ibibio, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a fi tẹ ẹ̀rí wọn jáde. Olùkọ́ tí ó bá ń ka ẹ̀rí náà fún kíláàsì lónìí, ohùn ògbufọ̀ ni ó ń kà.

Àwíjàre kan kù tí kò yẹ kí a fojú fò. Wọ́n ní èdè ilẹ̀ yìí pọ̀ jù, owó kò sì tó láti tú gbogbo ìkéde sí gbogbo èdè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba fẹ́ nǹkan, owó tó. Ní 1939 ó dá Gaskiya Ta Fi Kwabo sílẹ̀ ní Sàríà lédè Haúsá, ó sì rí ẹni kọ ọ́, ó rí ẹni tẹ̀ ẹ́, ó rí ẹni kà á. Nígbà ogun Hitler, tí wọ́n ń wá ọmọ-ogun àti èkùrọ́, a kò gbọ́ pé èdè abínibí ṣòro láti kọ. Ní Abẹ́òkúta, ọgọ́rin ọdún ṣáájú Gaskiya, míṣọ́nnárì Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá láti 1859. Kì í ṣe pé èdè kò gba ọ̀rọ̀. Àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ ni kò fẹ́ kí a bi wọ́n léèrè.

Bí ó bá jẹ́ pé ní 1960 ni ọ̀rọ̀ yìí parí, à bá fi í sílẹ̀ fún àwọn òpìtàn. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 55, gbà kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ máa lo Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Bí ẹni pé ètò a máa hù bí ewé! Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 gbà pé bí a kò bá mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, tí a kò sì bá ẹnì kan níbẹ̀, kí a lẹ ìwé ìkéde mọ́ ibi tí ojú ti lè rí i. Ojú ni òfin náà rò. Kò sọ èdè tí ìwé náà yóò jẹ́.

Iṣẹ́ tí ó wà nínú èyí, olùkọ́ ni ó bá. Kí ó wá ìwé ìkéde kan, ti àtijọ́ tàbí ti òde òní, kí ó gbé e wá sí kíláàsì, kí ó sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kéde rẹ̀ ní èdè ìlú wọn, ìbáà ṣe Tìfì, Ẹ̀bìrà, Ẹ̀dó tàbí Yorùbá, bí ẹni pé agogo wà lọ́wọ́ wọn. Kì í pẹ́ rárá tí wọn yóò fi dúró. Wọn yóò dúró níbi tí ìwé náà ti dá iye ọjọ́ fún ẹni tí ó ní àwíjàre, nítorí ibẹ̀ ni gbólóhùn ti máa ń díjú jù. Ibẹ̀ náà ni opó tí wọ́n lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ ti máa ń pe ọmọ tí ó ti ilé-ìwé dé kí ó kà á fún òun. Ọmọ náà yóò kà á geere láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá àgbà yóò ní, 'Kí ló wí?' Ọmọ yóò wo ìwé, yóò wo ìyá àgbà, iye ọjọ́ tí a dá sínú ìwé náà yóò sì máa lọ.