Ikọ́ Ló Ń Ṣe Bàbá, Kí Ló Gbé Ṣúgà Sókè?



Kòrónà tó wọ Nàìjíríà lóṣù Kejì ọdún 2020 fi nǹkan kan hàn wá: ó máa ń le fún onítọ̀ ṣúgà ju ẹlòmíì lọ. Ibà òtútù lásán náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí àìsàn bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ara á gbaradì ogun. Á tú àwọn họ́mọ̀nù bíi cortisol àti adrenaline jáde. Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó tú ṣúgà tó kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kí insulin ráyè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà fi ń gòkè, kódà bí aláìsàn ò bá fẹnu kan púpurú.

Nítorí náà, ẹ má sọ pé, “Bàbá ò jẹun, ẹ jẹ́ ká dá oògùn ṣúgà dúró.” Abẹ́rẹ́ insulin kì í ṣe ohun tí à ń dédé jáwọ́ nínú ẹ̀. Ní ti oníhóró, dókítà ni kó sọ èyí tí wọ́n máa dá dúró fúngbà díẹ̀.

Lóṣù Kẹfà ọdún 2020, àwọn oníwàádìí Oxford kéde pé dexamethasone ń dín ikú kù láàárín àwọn oníkòrónà tó ń lo oxygen. Òótọ́ ni. Àmọ́ iṣẹ́ cortisol lòun náà ń ṣe, ó ń gbé ṣúgà sókè. Ẹ má rà á ní kẹ́mísìtì nítorí ikọ́.

Oyin la fi ń wúre káyé wa lè dùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dùn jù ò fẹ́ àfikún. Ẹ bi oníṣègùn bóyá oyin tàbí ògógóró wà nínú àgbo.

Ẹ máa fún aláìsàn lómi, kẹ́ ẹ sì máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Bó bá kọjá 240, ẹ pe dókítà. Bó bá ń bì, tó ń mí gúlegúle, tàbí tọ́rọ̀ ẹ̀ ń dàrú, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́: ọsibítù Òkìtìpupa yá.

Ọ̀rúnmìlà pàápàá a máa tọ àwọn awo lọ, kó bi wọ́n léèrè. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè.

Orí á gbè wá o. Àṣẹ.