Ta Ló Yá Ta Lówó? Ẹ̀sùn Èké tí Wọ́n Fi Kan Èdè Yorùbá

Ẹ̀sùn kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ Yorùbá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yá òun ní kálàmù, tí ó sì wí pé "borrow me your biro", kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ á sì dìde láti ṣàlàyé ibi tí àṣìṣe náà ti ṣẹ̀. Yóò ní "lend" ni ó yẹ kí ọmọ náà lò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n kì í dúró síbẹ̀. Yóò fi kún un pé èdè Yorùbá ni ó ko bá ọmọ náà, nítorí pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ń yáwó àti ẹni tí ó ń yáni lówó. "Yá" ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Òótọ́ ni pé "yá" ni ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì. Pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ wọn, irọ́ gbuu ni. Irọ́ náà sì léwu, nítorí pé ẹnu olùkọ́ ni ọmọ ti ń gbọ́ ọ, ohun tí ọmọ bá sì ti gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ gbólóhùn méjì wò. Àdìó yá Àdùkẹ́ lówó. Àdìó yá owó lọ́wọ́ Àdùkẹ́. Ẹ pe ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ ọjà, kí ẹ bi í pé ta ni yóò san gbèsè. Kò ní ronú kí ó tó dáhùn. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ènìyàn ni ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, Àdùkẹ́ sì ni owó náà bá lọ. "Lówó" ibẹ̀ kì í ṣe nǹkan mìíràn ju "ní owó" lọ. Nínú gbólóhùn kejì, owó fúnra rẹ̀ ni àbọ̀, "lọ́wọ́" sì jẹ́ "ní ọwọ́": ọwọ́ Àdùkẹ́ ni owó ti jáde. Ìlànà yìí kan náà ni Yorùbá ń tẹ̀ lé tí wọ́n bá ní wọ́n ra ẹran lọ́wọ́ alápatà, tàbí pé olè jí owó lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Ọwọ́ ẹni tí nǹkan ti kúrò ni èdè náà máa ń tọ́ka sí. Ìtumọ̀ wà nínú gbogbo ara gbólóhùn, kò wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá sì ń wá a nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ṣìnà.

Olùkọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí, torí pé orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́rìí sí i. "Kọ́" ni iṣẹ́ olùkọ́; "kọ́" náà ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ọmọ kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ olùkọ́. Ṣé nítorí èyí ni ẹnìkan yóò ṣe sọ pé Yorùbá kò mọ olùkọ́ yàtọ̀ sí ọmọ ilé ìwé? Kò sí olùkọ́ tí yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan owó, wọ́n á gbà á bí ẹni gba oògùn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n náà kò sì mọ́ tónítóní tó bẹ́ẹ̀. "Rent" ni onílé ń lò fún ilé tí ó fi háyà, òun náà ni ayálégbé ń lò fún ilé tí ó gbà. Ní Jámánì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "leihen", ni wọ́n fi ń yáni ní nǹkan tí wọ́n sì fi ń yá nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ará Jámánì kọ́ báǹkì, wọ́n sì ń gba èlé wọn pé pérépéré. Kò sí ẹni tí ó ní èdè wọn tòṣì.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn baba ńlá Yorùbá kò mọ ìhà méjì tí owó yíyá ní, báwo ni wọ́n ṣe wá fi orúkọ sí ìhà kọ̀ọ̀kan? Kí Bank of British West Africa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1894, Yorùbá ti ní èlé, wọ́n ti ní àwìn, wọ́n ti ní onígbọ̀wọ́. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ni onígbèsè. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ sí lọ́rùn ni olówó rẹ̀. Ayánilówó tí èlé rẹ̀ ń gọntíọ ni wọ́n ń pè ní sogúndogójì, ìyẹn ẹni tí ó ń sọ ogún di ogójì, orúkọ tí ìṣirò àti èébú jọ wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀fà ni ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò èlé, tí ojú owó kò sì ní dín títí wọn yóò fi san án. Bí onígbèsè bá ya alágídí, olówó yóò rán ológò sí i. Samuel Johnson ṣe àpèjúwe iṣẹ́ yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921: ológò yóò jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, yóò máa pariwo, yóò sì máa mú ohun ọ̀sìn rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Ìlú tí ó ní ológò kò lè ṣàì mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè. Bí ológò bá ṣi ilé yà, ìjà ni.

Òwe náà ṣe kedere. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Kò sí "lọ́wọ́" nínú òwe yìí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò rò pé ayánilówó ni wọ́n ń bá wí. Owó ni ó tẹ̀lé "yá" tààrà, ó tán.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé àwọn ń gba èdè náà sílẹ̀, tí wọ́n ní kí á pín in: kí "yá" dúró fún ẹni tí ń gbà, kí "wín" dúró fún ẹni tí ń fúnni. Àtúnṣe tí ń ba nǹkan jẹ́ ni èyí. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ohun tí wọ́n yá ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: ọkọ́ tàbí aṣọ tí yóò padà wá gan-an ni à ń yá, iyọ̀, epo tàbí owó tí a óò ná tán, tí a óò sì fi irú rẹ̀ dípò, ni à ń wín. Ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú ìpín yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní irú rẹ̀. Ta ni yóò ta á dànù nítorí kí Yorùbá lè jọ ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Bí ẹnìkan bá ń wá ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti ń wọlé ní tòótọ́, ọwọ́ àwọn tí ń kọ Yorùbá ni kí ó wò. Láti ìgbà ìpàdé àkọtọ́ tí àwọn CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àmì kò tíì tán lẹ́nu àwọn onímọ̀. Ní òde òní, ọ̀pọ̀ ń kọ̀wé bí ẹni pé àmì jẹ́ ẹ̀ṣọ́. "Owó tí mo yá a" ni owó tí mo fún un. "Owó tí mo yá" ni owó tí mo gbà. Lẹ́tà kan péré ni ó jábọ́, olówó sì di onígbèsè. Ẹ tún wo ìwé àdéhùn kan tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ láìsí àmì: "O ya mi ni egberun lona aadota naira." Bí ó bá jẹ́ "Ó yá mi", ẹlòmíràn kan ni ó fúnni lówó. Bí ó bá jẹ́ "O yá mi", ẹni tí ń ka ìwé náà lọ́wọ́ ni. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà rọ̀ mọ́ àmì ohùn kan. Ká má tilẹ̀ tíì dárúkọ "ìyáwó" tí wọ́n kọ bí "ìyàwó", tí baálé ilé wá ń fi ìwé sọ fún ẹgbẹ́ pé "iyawo" òun ti pọ̀ jù, òun kò lè kó sí òmíràn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ilé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yáni lówó lórí fóònù pọ̀ débi pé ní ọdún 2022 ni àjọ FCCPC gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú àdéhùn wọn, "lender" níhìn-ín, "borrower" lọ́hùn-ún, ọmọ ilé ìwé girama ni ìyá rẹ̀ sì máa ń pè kí ó wá bá òun túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé Yorùbá kò ní ọ̀nà tí ó lè gbà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa kólòlò, yóò máa sọ "lender" àti "borrower" fún ẹni tí kò gbọ́ ọ, ìyá yóò sì tẹ bọ́tìnnì láìmọ iye tí ó wọ ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ó lè sọ pé: "Màmá, àwọn ni wọ́n fẹ́ yá yín lówó, ẹ̀yin ni ẹ ó san án padà, èlé rẹ̀ rèé." Ìyá yóò gbọ́ ọ láìsí ìtumọ̀ kejì.

Kí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa tún "borrow me" ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí olùkọ́ Yorùbá tí ó wà ní kíláàsì kejì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ náà: kí ó kọ "Àdìó yá Àdùkẹ́ lówó" àti "Àdìó yá owó lọ́wọ́ Àdùkẹ́" sójú pátákó, kí ó nu gbogbo àmì wọn kúrò, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ dá wọn padà, kí wọ́n wá kọ orúkọ onígbèsè sí iwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.