OWÓ OṢÙ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ỌKÀN: TA NI YÓÒ KÙ LẸ́YÌN TÍ YÓÒ GBỌ́ TIWA?

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nínú ìwé ìròyìn yìí. A ti sọ ti àwọn olùkọ́, a ti sọ ti àwọn nọ́ọ̀sì, a sì ti sọ ti àwọn akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ bó. Ṣùgbọ́n irú òṣìṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa kò bá pàdé rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdílé kan láti Ìbafò dé Mowé tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò ní wá a lọ́jọ́ kan. Òun ni ẹni tí àwọn Òyìnbó ń pè ní sàíkọ́lójíìsì, tí àwa yóò máa pè ní onímọ̀ ọkàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í pe dókítà. Dókítà tí ń tọ́jú àrùn ọpọlọ a máa fún aláìsàn ní oògùn. Ní ti onímọ̀ ọkàn, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbéèrè àti sùúrù ni irin iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ni í jókòó ti ẹni tí ìrònú ti dá lágara, ẹni tí kò rí oorun sùn, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìsí ohun tí ń lé e. Òun náà ni í dán ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí wò, láti mọ ohun tí ó dí i lọ́nà kí a tó sọ ọ́ ní olódo. Ọdún mẹ́rin ni ó fi ń kàwé gba oyè ìkínní ní yunifásítì, bí àwọn olùkọ́ kò bá da iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn, yóò tún kàwé gba oyè kejì, yóò sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà.

Nígbà tí ó bá parí gbogbo èyí, kí ni a ń san fún un? Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, bíi ti Arò ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá ní Èkó, ètò owó oṣù méjì ni ó wà. Àwọn dókítà wà lórí èyí tí a ń pè ní CONMESS. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn apòògùn, àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àti àwọn onímọ̀ ọkàn pẹ̀lú, wà lórí CONHESS. Ní ọdún 2014 ìjọba tún ti àwọn dókítà ṣe, ṣùgbọ́n ti àwọn ìyókù dúró sí ojú kan. Nítorí èyí gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tí a mọ̀ sí JOHESU fi da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọdún 2018, tí wọ́n tún da á sílẹ̀ ní 2023, tí wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ìyẹn àwọn tí ó rí iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Àwọn tí kò rí, tí wọ́n sì pọ̀, a máa lọ ṣe olùdámọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, níbi tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti ń san ohun tí ó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ìlú àgbẹ̀ ni Ìbafò. Láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978 ni ó ti ń di ibùsùn àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde: Èkó ni wọ́n ti ń jẹ, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń sùn. A mọ ọmọbìnrin kan nínú wọn, onímọ̀ ọkàn ni, tí agogo márùn-ún òwúrọ̀ kì í bá nílé. Bí àgbérù kan bá ṣubú nítòsí Káárà, agogo mẹ́wàá alẹ́ ni yóò wọlé. Ó sọ fún wa pé bí òun bá ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn aláìsàn tán lójúmọ́, òun tìkára òun ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ti òun.

Ní ọdún 2024 ni òfin ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jùlọ di 70,000 náírà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sì gbà láti san 77,000. Onímọ̀ ọkàn tí ìjọba gbà síṣẹ́ ń gbà ju èyí lọ, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi 77,000 yìí ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹni tí ń ti Ìbafò lọ sí Yábàá bá ná 3,000 náírà lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀, tí ó sì fi ọjọ́ 22 ṣiṣẹ́ nínú oṣù, 66,000 ti lọ sọ́wọ́ awakọ̀ kí ó tó ra iyọ̀ sọ́bẹ̀. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Ní ọdún 2024 kan náà, ní ọ̀pọ̀ ọjà, àpò ìrẹsì ńlá kan ju gbogbo 77,000 náà lọ. (Àwọn àgbẹ̀ Ọ̀fàdà lè rẹ́rìn-ín músẹ́ níhìn-ín, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó ajílẹ̀ àti owó ọkọ̀ kúrò nínú èrè wọn kí wọ́n tó rín in tán.)

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún ìnáwó 2024 sí 2025, owó tí onímọ̀ ọkàn tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba jẹ́ pọ́n-ùn 46,148 lọ́dún. Bí a bá ka pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà, bí ó ti súnmọ́ ọn nígbà náà, ó ju mílíọ̀nù méje ààbọ̀ náírà lọ lóṣù. Òtítọ́ ni pé owó orí àti owó ilé ibẹ̀ yóò jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, àti pé wọn kì í tètè tẹ́wọ́ gba ìwé ẹ̀rí wa. Síbẹ̀ ta ni yóò rí i tí ojú rẹ̀ kò ní kúrò nílé? Ẹni tí ń bú àwọn ọ̀dọ́ pé wọ́n sá lọ, kí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò Ìbafò yìí.

Àgbẹ̀ kan lè bèèrè pé kí ni ó kan òun nínú ọ̀ràn àwọn akọ̀wé. A ó rán an létí Arò. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ níbẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó bá àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká ṣe àdéhùn pé kí àwọn àgbẹ̀ gba aláìsàn àti ìbátan tí ó bá bá a wá sínú ilé wọn. Aláìsàn a gba ìtọ́jú tán, a bá wọn ṣíṣẹ́ oko, a bá wọn jẹun, a sì sùn láàárín ènìyàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun wá wò ó, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà sì ti ṣe ìpàdé wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1961. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni èyí: a san owó ilé fún àwọn àgbẹ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run ṣe é lásán. Ní ọdún 1954 kan náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó kéré jùlọ di ṣílè márùn-ún lójúmọ́. Àwọn tí ó ṣe ìjọba nígbà náà mọ̀ pé ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹun.

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí yóò sọ pé ilé àdúrà kò wọ́n ní òpópónà tiwa yìí. Òótọ́ ni, a kò sì bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019 àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé ní ilẹ̀ Nàìjíríà a ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀, ní ilé oníṣègùn, ní ilé àwọn onígbàgbọ́, ní ilé àwọn mùsùlùmí, àti ní àwọn ilé ìtọ́jú ìjọba pẹ̀lú. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ; ẹni tí a dè náà ní ìyá. Bàbá àgbà tí àwọn ajagungbalẹ̀ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò jẹun mọ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀wọ̀n kọ́ ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí yóò bá a jókòó ni ó ń wá.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin 1958 tí ó pe gbogbo wọn ní wèrè. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n òfin kì í san owó ọkọ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ju agbára rẹ̀ lọ. Kí ó gba onímọ̀ ọkàn síṣẹ́ fún agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé, kí ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà yìí níbi tí ènìyàn pọ̀ sí, kí a fún un ní ilé gbé, kí owó rẹ̀ má sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn tí ó bá kàwé dọ́gba. Kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá sì tẹ̀ lé ọ̀ràn CONHESS títí yóò fi yanjú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní àwọn wọ́ọ̀dù wa, nígbà tí a bá ń jíròrò ètò ìnáwó tí ń bọ̀ ní Owódé, ẹ dìde kí ẹ bèèrè pé: èló ni a kọ sílẹ̀ fún ìlera ọkàn ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, ojú ìwé wo ni ó sì wà?