Ẹ wo ìdí ọkọ̀ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ńlá

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, pàápàá ẹ̀yin apẹja orí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ti adágún Nokoué àti ti etí òkun láti Sèmè títí dé Lomé, ọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀ la fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ ọkọ̀ pẹ̀lú: ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yá apẹja lówó ẹsáǹsì kí ó tó lọ sójú omi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ apẹja etí òkun wa, bí ẹja bá dé èbúté, owó ẹsáǹsì, ti òróró ẹ̀rọ àti ti oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni olówó ọkọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ń pín. Nítorí náà, lítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá mu láìnídìí, inú àpò gbogbo ẹni tó fa àwọ̀n ni ó ti jáde. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa ni a rí bí owó kpayo ṣe fò sókè ní Benin láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn apẹja ráhùn, ìráhùn wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú epo náà tó jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ ni ó ti ń ṣòfò, kò sí ìjọba kankan tó lè bá wa dá a padà.

Bí ọkọ̀ bá ń lọ́ra, kí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ? Wọ́n á ní: «Ẹ̀rọ náà kéré.» Wọ́n á yọ ẹ̀rọ agbára 15, wọ́n á ra 25. Wọ́n á yọ 25, wọ́n á ra 40. Gbèsè dé, ọkọ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ agbára 40 tó jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí à ń po òróró mọ́ ẹsáǹsì rẹ̀, lè mu lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan bí a bá ṣí gáàsì rẹ̀ tán. Èmi kò sọ pé ẹ̀rọ ńlá kò dára. Ọkọ̀ tó ń la ìgbì etí òkun kọjá nílò agbára. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun méjì wà tó yẹ kí á yẹ̀ wò kí á tó lọ yáwó. Èkíní ni bí ẹ̀rọ ṣe ga tó níbi tí a so ó mọ́. Èkejì ni elíìsì, abẹ̀bẹ̀ onírin tó ń yí nínú omi.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yín. Lókè elíìsì, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kan tó nà sẹ́yìn bí ìrù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dí afẹ́fẹ́ lọ́nà kí ó má bàa wọlé bá elíìsì láti òkè. Bí a bá so ẹ̀rọ mọ́ pátákó ìdí ọkọ̀, irin pẹlẹbẹ yìí ni kí ẹ fi ṣe àmì. Kí ó wà ní ìbádọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà méjì. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

Bí ẹ̀rọ bá ga jù, elíìsì á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ omi. Ẹ̀rọ á ké, ọkọ̀ kò ní lọ. Ewu mìíràn sì tún wà níbẹ̀: omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù, láti ara ẹsẹ̀ yẹn ni ó ti ń wọlé. Bí ihò tí omi ń gbà bá yọ síta, ẹ̀rọ á gbóná, písítìn á há. Ẹ̀yin apẹja mọ omi tó máa ń tú jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ bí ẹni ń tọ̀. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá rẹlẹ̀ jù ńkọ́? Àṣìṣe yìí ni ó wọ́pọ̀ jù, nítorí ọ̀pọ̀ gbà pé bí elíìsì bá ṣe jìn tó ni yóò ṣe gbá omi dáadáa tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó jìn jù dà bí àjẹ̀ tí a kì bọ omi tí a kò fà: ó ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ óò rí i tí omi ń ta sókè lẹ́yìn ọkọ̀, tí ó ń ta sí ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Epo ni ẹ ń sun láti fi gbé omi yẹn sókè. Lórí Nokoué, níbi tí omi kò ti jìn, tí igi àwọn akájà sì dúró káàkiri, ẹsẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù tún ń wá ìjàǹbá fún elíìsì.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tí a ra ẹ̀rọ ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. A ṣe kúkúrú fún pátákó tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 38, gígùn fún 51, èyí tó gùn jù fún 64. Ṣé ẹ ti wọn pátákó ìdí ọkọ̀ yín rí? Okùn kan tó láti fi wọ̀n ọ́n láti etí òkè títí dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ mú okùn náà dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Bí ẹ̀rọ bá sì ti wà nílé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn jù, ẹ kan igi líle tó nípọn mọ́ orí pátákó, kí ẹ fi bóòtù dè é gírígírí, kí ẹ̀rọ lè gòkè. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ọjọ́ kan ni, kò tó owó ẹ̀rọ tuntun.

Ọkọ̀ ńlá etí òkun yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lápá ẹ̀yìn, ni à ń so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ lórí igi tó yọ síta. Níbẹ̀, ojú omi ni ẹ óò wò dípò ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ojú omi náà sì ń yí padà bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Ẹ má ṣe fi gíga sí i nígbà tí ọkọ̀ wà lórí iyanrìn. Ẹ kó àwọ̀n, epo àti ènìyàn sínú rẹ̀, ẹ wò ó nínú omi. Kí elíìsì jìn ju ti ọ̀sà lọ díẹ̀, nítorí ìgbì máa ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Bí elíìsì bá yọ síta láàrin ibi tí ìgbì ti ń fọ́, agbára á pòórá ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù, ìgbì tó tẹ̀ lé e lè gbé ọkọ̀ ní ìbú kí ó sì dà á dé. Fún ọkọ̀ òkun, n ó fara mọ́ kí epo díẹ̀ ṣòfò ju kí ẹ̀rọ ga jù lọ.

Ó wá kan elíìsì. Ibi tí ìmọ̀ ìwé ti wúlò fún apẹja rèé. Ẹ nu ọ̀rá ara elíìsì yín nù, ẹ óò rí nọ́ńbà méjì. Èkíní ni ìwọ̀n fífẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni ìwọ̀n ìrìn rẹ̀, ìyẹn ni bí ì bá ti rìn jìnnà tó ní yíyí ẹ̀ẹ̀kan ká bí omi bá le bí igi. Ínṣì ni wọ́n fi ń ka méjèèjì. Ínṣì kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà méjì àti ààbọ̀ àti díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Ẹ mú elíìsì tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 13, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 33. Ẹ̀rọ ń yí ní ìgbà 5000 ní ìṣẹ́jú kan, jíà sì dín in kù sí ìdajì: elíìsì ń yí ní ìgbà 2500. Ẹ sọ 2500 di ọ̀nà 33: mítà 825 ní ìṣẹ́jú kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ wo nínú ọkọ̀ apẹja wa ló ń sá tó bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ onígi tó gùn ní mítà 12, tó kún fún ẹrù, kì í fẹ́ kọjá kìlómítà 15 tàbí 16 ní wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ńlá tó ń gbé níwájú ara rẹ̀ ni ó ń bá jà, epo tí ẹ bá sì rọ sí i, ìjà yẹn ló ń bá lọ. Elíìsì ínṣì 13 náà, ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tó ń fò lójú omi ni wọ́n ṣe é fún. Irú èyí ni ó sì sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá láti inú àpótí.

Ọkọ̀ tó wúwo ń fẹ́ elíìsì tí ìrìn rẹ̀ kúrú, kí ó sì fẹ̀ tó bí ẹ̀rọ bá ṣe lè gbà á. Ìrìn gígùn lára ọkọ̀ wúwo dà bí kẹ̀kẹ́ tí a fi jíà líle gun òkè: ẹ̀rọ kò lè yí dé ibi tó yẹ, ó ń mí gúlegúle, bùjí ń dúdú, inú rẹ̀ ń gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé e kúrú jù. Bí ìrìn bá kúrú jù, ẹ̀rọ á yí kọjá ààlà, òun náà á bàjẹ́. Ààlà yìí wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, bí àpẹẹrẹ láti 4500 sí 5500 ní ìṣẹ́jú kan. Kí mẹkáníìkì fi aago tó ń ka yíyí wò ó, ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ru ẹrù rẹ̀ gan-an, kí a ṣí gáàsì tán. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ dín ìrìn kù. Ínṣì kan máa ń yí i padà ní nǹkan bí ìgbà 150 sí 200.

Àwọn kan á ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọjà ni ó ń ta ẹja lówó gidi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ lítà tí ẹ sun sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí ẹ ta, fún ọ̀sẹ̀ méjì pére, kí ẹ tó bá mi jiyàn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà. Elíìsì tí igi akájà ti ká létí, tí a fi òòlù lù padà láìdọ́gba, ń gbọn ẹ̀rọ títí tí inú rẹ̀ yóò fi jẹ. Okùn àwọ̀n tó bá wé mọ́ ìdí rẹ̀ ń gé rọ́bà tó ń dí omi. Bí òróró jíà bá funfun bí wàrà, omi ti wọlé. Ẹ̀rọ kékeré tó ní pínnì elíìsì, ẹ má ṣe fi ìṣó líle rọ́pò pínnì náà. Wọ́n ṣe é kí ó lè kán, kí jíà má bàa kán.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kò pọ̀: kí wọ́n máa tọ́jú elíìsì oríṣi mẹ́ta fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí oníbàárà dán an wò kí ó tó sanwó. Títí wọn yóò fi ṣe é, ẹgbẹ́ apẹja èbúté kọ̀ọ̀kan lè ṣe tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún gíga ṣe, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i lára pátákó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kan elíìsì. Bí ẹ bá yí méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní elíìsì ínṣì 10 tàbí 11 tó ń jókòó lásán nílé, kí ó gbé e wá sí èbúté, kí àwọn tí ẹ̀rọ wọn bá a mu yá a lò fún ọjọ́ kan.