Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan oníṣòwò tí ó kó ìwé gbèsè rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó sì kan tíṣà tí máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀. Windows 11 tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ti dàgbà. Bẹ́ẹ̀, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà! Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi ń wí pé, "Ẹ jẹ́ kí a fi Linux sí i."

Ìmọ̀ràn náà kò burú. Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ọ̀fẹ́ ni, oríṣi rẹ̀ kan sì wà tí kọ̀ǹpútà àgbà lè gbé. Ṣùgbọ́n ètò ìṣirò tí ẹ ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, Windows ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí Linux, kò ní dá yín lóhùn. Kí ni ó fà á?

Kò sí ètò tí ń dá gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí ó bá fẹ́ ṣí ìwé, tàbí kí ó tẹ rìsíìtì jáde, ó ní láti ké sí ètò àgbà tí ń darí kọ̀ǹpútà. Ètò tiyín ń ké ní èdè Windows. Linux kò gbọ́ èdè náà. Ó dà bí oníṣòwò Ìdèrè tí ó dé iwájú òṣìṣẹ́ kan ní Kútọnu tí kò gbọ́ ju Faransé lọ. Ọjà rẹ̀ dára, owó rẹ̀ pé. Ògbufọ̀ ni kò ní.

Ògbufọ̀ náà wà, Wine ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má rò pé ọtí ni mo ń wí o! Bob Amstad àti Eric Youngdale ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1993. Láti 1994 ni Alexandre Julliard ti ń ṣe olórí iṣẹ́ náà. Bí ètò bá ké ní èdè Windows, Wine a gbà á, a sì sọ ọ́ fún Linux ní èdè tirẹ̀. Microsoft kò ṣí àṣírí inú Windows fún wọn, nítorí náà wọ́n ní láti máa dán ìpè kọ̀ọ̀kan wò. Odidi ọdún 15 ni ó gbà wọ́n kí Wine 1.0 tó jáde ní 2008. Ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Mo ti bá oníṣòwò kan ní Èrúwà dán an wò. Ìwé gbèsè ọdún mẹ́fà rẹ̀ ṣí pérépéré. Rìsíìtì nìkan ni lẹ́tà inú rẹ̀ ń gun ara wọn, títí a fi fi irú lẹ́tà tí ètò náà ń lò kún un.

Ṣùgbọ́n kò sí ògbufọ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í bọ́ mọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí wọ́n ṣe fún Windows sábà máa ń kọ̀ jálẹ̀. Kòkòrò tí ń ba Windows jẹ́ pẹ̀lú lè gba ọ̀dọ̀ Wine wọlé, nítorí pé ògbufọ̀ kì í yan ẹni tí yóò túmọ̀ fún.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín sórí fláàṣì méjì, kí ẹ sì tẹ orúkọ àwọn onígbèsè àti máàkì àwọn ọmọ sórí bébà. Ẹ dán Wine wò lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹ má sì pa Windows rẹ́ títí ètò yín yóò fi ṣiṣẹ́ táàmù kan gbáko láìṣì. Ẹni tí ó bá ń sáré gba kọ̀ǹpútà là, tí ó gbàgbé àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. A lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Ta ni yóò tún rántí iye tí oníbàárà jẹ wá ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn?