Ẹ Yẹ Páìpù Ilé Àtijọ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé àtijọ́ ní Houinmè tàbí ní àdúgbò mìíràn ní Àjàṣẹ́ sábà máa ń béèrè ohun méjì: ta ló ni ín, èló sì ni? Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Látìgbà tí òfin ilẹ̀ ti jáde lọ́dún 2013, àwọn èèyàn wa ti ń mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn ra ilé láìsí ìwé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta wà tí a kì í sábà bi onílé: níbo ni omi ilé yìí ń gbà lọ?

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ìlú yìí, títí kan èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́, ni kò ní omi ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n kọ́ wọn. Kànga wà láàárín àgbàlá, ṣáláńgá wà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, wọ́n gbẹ́ ògiri, wọ́n ki páìpù onírin bọ̀ ọ́. Ọmọ kan fi balùwẹ̀ kún un, òmíràn fi ilé ìdáná kún un, kálukú pẹ̀lú oníṣẹ́ tirẹ̀. Lónìí, irin náà ti dípẹtà nínú. Bó bá ń jò sára ògiri amọ̀, omi á máa jẹ ògiri náà nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tuntun á sì bo gbogbo rẹ̀ títí owó yóò fi kúrò lọ́wọ́ yín.

Ti omi ìdọ̀tí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòtò tirẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan ń lò nílùú wa. Bí kòtò náà bá ti kún tàbí tó ti wó, omi balùwẹ̀ á padà wá bá ẹni tó ń wẹ̀. Bó bá sún mọ́ kànga, ohun tí ẹ dà nù lẹ ó tún fà mu. Ibẹ̀ ni kọ́lẹ́rà àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń wọlé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ mú oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ dání lọ wo ilé náà. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí ẹ wo mítà SONEB. Bó bá ṣì ń yí, omi ń jò níbì kan. Ẹ béèrè bóyá gbèsè wà lórí mítà náà. Ẹ da garawa omi mẹ́ta sí balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wò ó bóyá yóò lọ wẹ́rẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣí kòtò. Ẹ wọn ìwọ̀n tó wà láàárín rẹ̀ àti kànga: kó má dín ní mítà 15, 30 ló sì dára jù. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ padà lọ nígbà òjò, ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹwàá.

Àwọn kan á ní ẹni tó ta ilé ni kó tún un ṣe. Òótọ́ ni, dé ààyè kan. Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, ẹni tó ta nǹkan ló ń dáhùn fún àléébù tó fara sin. Kì í dáhùn fún èyí tí ẹni tó ń rà ì bá ti fojú ara rẹ̀ rí. Ẹni tí kò wo ilé kó tó rà á, ẹjọ́ rẹ̀ ò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, à ń rọ àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń ta ilé ogún pé kí wọ́n sọ òótọ́ nípa páìpù àti kòtò. À ń rọ àwọn nọ́tà pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé títà. Kí ilé iṣẹ́ ìlú náà má gbàgbé òfin ìmọ́tótó, tó kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni da omi ìdọ̀tí sójú títì.

Àwa ò sọ pé kí ẹ má ra ilé àtijọ́. Páìpù ṣeé pààrọ̀, kòtò ṣeé gbẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ iye tí yóò ná yín, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé nígbà tí ẹ bá ń ná an. Owó tí ìyá kan fi èsúsú kó jọ fún ọdún púpọ̀ ní ọjà Ouando kò yẹ kó bá omi ìdọ̀tí lọ.